Mọ́tà àti iná: bẹ́ ẹ ṣe máa yan sìmẹ́ǹtì àdàlù fún ibi tó ń gbóná, kẹ́ ẹ sì dán an wò kẹ́ ẹ tó lò ó

Ẹ̀yin bíríkìlà Òṣogbo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní béékérì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ibi ìdáná sẹ́yìnkùlé, àti ẹ̀yin tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù yín rí tẹ́ ẹ ò mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ wó ògiri tàbí kẹ́ ẹ kàn tún un rẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé sìmẹ́ǹtì tó bá ti le dáadáa, iná ò lè rí i gbé ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mọ́tà lè le koránkorán, kó jẹ́ pé iná wákàtí kan ló máa sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, òmíràn sì wà tí ò le tó bẹ́ẹ̀ tó máa wà nínú iná fún ọdún gbọọrọ. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ẹ̀: láìmù (èyí tó ń jáde lára sìmẹ́ǹtì tó bá pàdé omi, kì í ṣe ti èso) tó ṣẹ́ kù sínú mọ́tà yẹn, omi tó há sínú ẹ̀, àti yanrìn tí wọ́n fi pò ó. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ ò lè mọ̀ lọ́jọ́ tí iná jó o. Ẹ̀yìn tó bá ti tutù, tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ kan tó ń fa ọ̀rinrin, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ̀ bóyá ó yè é.

Sìmẹ́ǹtì àdàlù tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ti fi amọ̀ sísun, eérú èèpo ìrẹsì, ìdàrọ́ irin tàbí nǹkan míì rọ́pò apá kan nínú sìmẹ́ǹtì gidi, àti àwọn tí ò tiẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì pọ́tílándì, ìyẹn sìmẹ́ǹtì lásán tá a mọ̀, nínú rárá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ooru ń ṣe nínú mọ́tà

Tí sìmẹ́ǹtì pọ́tílándì bá pàdé omi, nǹkan méjì pàtàkì ló máa ń jáde níbẹ̀, ọ̀kan ni ohun líle tó ń lẹ yanrìn pọ̀, èkejì ni láìmù. Tí ooru bá dé bí 100°C, omi tó wà nínú àwọn ihò kéékèèké á máa di ooru omi, á máa jáde. Láti ibẹ̀ dé 300°C, ohun tó ń lẹ yanrìn pọ̀ yẹn náà á máa fi omi tiẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa mọ́tà lára, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń le sí i. Ewu tó wà níbí ni ti mọ́tà tó ki jù, tí ò ní ihò tí ooru omi lè gbà sá jáde, irú ẹ̀ lè bẹ́ tau láàárín 250 sí 400°C, kó sì fò lu èèyàn lójú.

Tó bá wá di 400 sí 500°C, láìmù yẹn á tú, omi inú ẹ̀ á sá lọ, á ku láìmù gbígbẹ tí òùngbẹ omi ń gbẹ. Lọ́jọ́ yẹn ẹ lè má rí ju kí ògiri sán tínínrín-tínínrín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ jẹ́ kí òjò Òṣogbo bẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ rántí pé omi àwọn panápaná ti rin ín gbingbin, láìmù gbígbẹ yẹn á mu omi padà, á wú, á sì máa fọ́ mọ́tà láti inú. Ìdí nìyẹn tí ògiri tó dúró digbí lọ́jọ́ iná fi máa ń ya lulẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Ní 573°C gérégé, yanrìn odò náà á yí ìrísí padà nínú, á wú lójijì, torí pé òkúta quartz ló pọ̀ jù nínú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni quartz níbi gbogbo láyé ṣe máa ń ṣe. Tó bá fi máa tó 600°C, mọ́tà sìmẹ́ǹtì lásán sábà máa ń ti pàdánù bí ìdajì agbára ẹ̀. Láti bí 700°C lọ sókè, òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí tú gáàsì sílẹ̀. Kẹ́ ẹ má rò pé ìyẹn jìnnà o, iná tí wọ́n fi ń dán ilé wò lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní ISO 834, ń dé 842°C láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó bá pé wákàtí kan á ti dé 945°C. Iná ṣọ́ọ̀bù tí fóòmù àti aṣọ kún inú ẹ̀ lè kọjá gbogbo ìpele tí mo kà yìí kí wọ́n tó rí omi pọn.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa gbóná tó

Ooru tó ń kan ògiri ẹ̀yìn sítóòfù gáàsì nínú kíṣìnnì ò lè ba mọ́tà kankan jẹ́, ẹ rẹ́ ẹ bẹ́ ẹ ṣe máa ń rẹ́ ògiri. Inú ófùn béékérì níbi tí búrẹ́dì ń wà kì í sábà ju 200 sí 250°C lọ, ṣùgbọ́n ibi tí igi ti ń jó gangan lábẹ́ ẹ̀ lè kọjá 800°C, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi mọ́tà kan náà mọ méjèèjì, iṣẹ́ tó máa padà dalẹ̀ nìyẹn. Ògiri ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ò gbóná rárá àfi tí iná bá ṣẹ́ yọ, tiẹ̀ yàtọ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa rí i, kò sì ní mú un díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ ka ara àpò sìmẹ́ǹtì

Láti 2014 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní 32.5 wà fún rírẹ́ ilé, 42.5 sì wà fún òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti bùlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín nípa iná o, lẹ́tà tó wà níwájú ẹ̀ lẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá rí CEM I, pọ́tílándì gidi ni, láìmù ẹ̀ pọ̀. CEM II/A-L tàbí LL, òkúta ẹfun ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, láti orí 6 dé 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ò dín láìmù kù tó bó ṣe yẹ fún iná. Tó bá jẹ́ P, Q, V tàbí S lẹ rí, ìròyìn ayọ̀ ni: P ni eérú òkè ayọnáyèéfín àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, Q ni èyí tí wọ́n sun, V ni eérú èédú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, S ni ìdàrọ́ irin. Gbogbo wọn ló ń jẹ láìmù. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kánjú yín, ẹ yí àpò náà kẹ́ ẹ kà á.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ yan àdàlù

Amọ̀ sísun ni mo fẹ́ràn jù fún ìlú wa, torí amọ̀ ò wọ́n wa. Amọ̀ funfun, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ẹfun, lẹ máa sun dé bí 700 sí 800°C, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Tí kò bá tó 600°C kò tíì jinná, tó bá sì ju 900°C lọ ó ti di nǹkan mìíràn tí ò ní bá láìmù ṣe mọ́. Tó bá jinná dáadáa, á máa jẹ láìmù inú sìmẹ́ǹtì, á sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ yanrìn pọ̀, nígbà tí iná bá wá dé 450°C kò ní bá láìmù púpọ̀ tó máa tú. Ẹ fi rọ́pò 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ǹtì ní ìwọ̀n kìló. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti gbé e jìnnà sí i, àdàlù kan wà tí wọ́n ń pè ní LC3, ìdajì ẹ̀ péré ni sìmẹ́ǹtì sísun, ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ amọ̀ sísun, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ òkúta ẹfun, márùn-ún sì jẹ́ jípúsọ́ọ̀mù.

Eérú èèpo ìrẹsì náà dáa, ẹ lò ó bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń mu omi gan-an. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀: tó bá ṣì dúdú kirikiri, èédú ṣì wà nínú ẹ̀, tó bá ti funfun fẹ́ẹ́rẹ́ ó ti jinná. Iná tó ju 800°C lọ ń ba eérú yìí jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa rú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má fẹ́ ẹwìrì sí i. Ẹ bo imú tẹ́ ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata o, ẹ jọ̀ọ́.

Ìkìlọ̀ méjì níbí. Eérú igi inú ààrò kọ́ ni mò ń sọ, ìyẹn ò ní nǹkan tó ń jẹ láìmù, ṣe ló máa kàn sọ mọ́tà di yẹ́pẹ́yẹ́pẹ́. Ìdàrọ́ ìdí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ náà kọ́ ni ìdàrọ́ tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, èyí tí wọ́n ń lọ̀ jẹ́ ti iléeru ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin látinú òkúta, tí wọ́n fi omi tutù lójijì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá amọ̀ tàbí eérú tẹ́ ẹ rà ṣiṣẹ́, ẹ ra láìmù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ẹja ọ̀sìn, ẹ po ìwọ̀n kan láìmù mọ́ ìwọ̀n méjì eérú pẹ̀lú omi díẹ̀ kó dà bí iyán líle, ẹ fi nylon wé e mọ́nú ike fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá jù ú sínú omi. Tó bá dúró kò yọ́, ó jẹ láìmù. Tó bá tú sómi, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Fún ibi tí igi ti ń jó gangan, àdàlù pọ́tílándì kankan ò tó. Ohun tí wọ́n ṣe fún irú ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì alumina, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jules Bied ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀ lórúkọ Lafarge ní 1908. Kò ní láìmù yẹn rárá, tí wọ́n bá pò ó mọ́ àfọ́kù bíríkì iná, ó lè kọjá 1,000°C. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń fi mọ inú ófùn tí wọ́n fi ń gbóná irin níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yí rọ́ọ̀dù, irú èyí tí wọ́n kọ́ sí Òṣogbo níbí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́ òpó tàbí bíìmù ilé láéláé! Níbi tó bá móoru tó sì lọ́rinrin, ìyẹn ìlú wa gan-an, ohun tó mú un le máa ń yí padà nínú ẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, agbára ẹ̀ á sì wálẹ̀. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ méjì ló já lulẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1973 àti 1974, bíìmù irú sìmẹ́ǹtì yìí ló sì wà nínú àwọn méjèèjì.

Ti geopolymer, Joseph Davidovits ará Faransé ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1970 lẹ́yìn tí iná ti ṣọṣẹ́ nílùú wọn tó wá ń wá ohun tí ò ní jó. Amọ̀ sísun tàbí eérú èédú ni wọ́n ń pò mọ́ sódà kọ́sítíìkì àti sodium silicate. Ó ń gbìyànjú nínú iná ju pọ́tílándì lọ, ó ń sán nítorí omi tó ń jáde ṣùgbọ́n kò ní láìmù tó máa wú lẹ́yìn ọ̀la. Èmi ò ní gba bíríkìlà tí ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ níyànjú láti fọwọ́ pò ó, torí sódà yẹn ń jẹ ara, ó sì ń fọ́ ojú. Tẹ́ ẹ bá máa dán an wò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti góògù, sódà lẹ máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sórí sódà, ẹ má sì lo páànù alúmíníọ́ọ̀mù nítorí ó máa ń hó mọ́ ọn tó sì ń tú gáàsì tó ń gbiná sílẹ̀.

Píópì ńkọ́? Ó dáa fún ògiri inú ilé, torí bí ìdámárùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ ló jẹ́ omi tó wọnú ara ẹ̀ lọ, iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi yẹn jáde kó tó kan ohun tó wà lẹ́yìn. Ó máa ra àkókò fún yín láti sá, ó sì máa parí síbẹ̀, ẹ ó tún un ṣe ni.

Ìgbésẹ̀ 4: ẹ fi yanrìn odò sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń náwó sórí sìmẹ́ǹtì olówó ńlá, tí wọ́n á wá lọ fi yanrìn odò pò ó, nígbà tí iná bá dé 573°C yanrìn ló máa kọ́kọ́ dà wọ́n. Fún ibi tó máa ń gbóná púpọ̀, ẹ gún bíríkì sísun tó ti fọ́, tàbí àpáàdì. Ìpetumodù tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ò jìnnà sí wa, ìkòkò tó sán nínú ẹbu níbẹ̀ ti la iná kọjá rí, kò sí ohun tuntun tí iná fẹ́ fi hàn án mọ́. Ẹ gún un, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lo èyí tó tóbi tó yanrìn pẹ̀lú díẹ̀ lára kúnná ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ tó pò ó, kí ó má bàa fa omi sìmẹ́ǹtì mu.

Ìgbésẹ̀ 5: pípò àti bíbomirin

Fún ìta ófùn àti ibi tí ò ju 400°C lọ: sìmẹ́ǹtì kìló méje, amọ̀ sísun kìló mẹ́ta, àpáàdì gígún kìló ọgbọ̀n, omi bíi lítà márùn-ún, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un tó bá gbẹ jù. Ẹ po sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ní gbígbẹ kí àwọ̀ wọn di ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bu omi sí i. Fún ibi tí igi ti ń jó, tẹ́ ẹ ò bá rí sìmẹ́ǹtì alumina, ẹ gbàgbé sìmẹ́ǹtì pátápátá, ẹ lo amọ̀ ìkòkò ìwọ̀n kan sí àpáàdì gígún ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta, kí àlàfo àárín bíríkì má sì nípọn jù. Amọ̀ ò le ní tútù, iná ló máa sun ún le.

Àdàlù kì í tètè le, nítorí náà bíbomirin ọjọ́ mẹ́ta tí a mọ́ lára ò tó o. Ẹ fi àpò bò ó, kẹ́ ẹ máa rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, nígbà ọyẹ́ pàápàá, torí tí omi bá tán lára ẹ̀, amọ̀ sísun ò ní lè jẹ láìmù mọ́, gbogbo ìnáwó yẹn á sì já sásán.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ dán an wò nínú iná

Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń fò jù, òun gan-an ló sì níyì jù. Ẹ fi pákó ṣe mọ́ọ̀dù kékeré, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ẹ mọ mẹ́fà fún àdàlù yín, ẹ mọ mẹ́fà fún sìmẹ́ǹtì lásán pẹ̀lú yanrìn odò, kẹ́ ẹ lè fi wéra. Ẹ bomi rin wọ́n fún ọjọ́ 28, ẹ wá gbé wọn síbi atẹ́gùn kí wọ́n gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má gbé mọ́tà tútù sínú iná, ó lè bẹ́.

Ẹ wọn mẹ́rin mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú méjì méjì tí ò ní rí iná. Ẹ da èédú sínú ìkòkò ìdáná ńlá, ẹ tò wọ́n sí i, ẹ jẹ́ kí iná máa gòkè fún bíi wákàtí kan, ẹ wọ góògù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ibẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ bó ṣe gbóná tó láìní ẹ̀rọ? Irin tó bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú òkùnkùn ti tó bíi 500 sí 550°C, tó bá pọ́n dáadáa ó ti ń tó 700 sí 800°C. Ẹ tún lè ju ègé alúmíníọ́ọ̀mù láti ara ìkòkò àtijọ́ sínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó bá yọ́, ẹ ti dé bíi 660°C. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí iná kú fúnra ẹ̀ mọ́jú. Ẹ má da omi lé e.

Láàárọ̀ ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ wo ibi tó sán, ẹ fi ìṣó ha á. Kò tíì parí. Ẹ mú méjì nínú mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àpò tó lọ́rinrin bò wọ́n fún ọjọ́ méje, ẹ fi méjì tó kù sínú ike tẹ́ ẹ dé pinpin. Lẹ́yìn ọjọ́ méje ẹ fi wọ́n wéra, ẹ jù wọ́n sílẹ̀ láti ibi ìdí yín sórí kọnkéré. Ti sìmẹ́ǹtì lásán lábẹ́ àpò sábà máa ń wú, ìgun ẹ̀ á máa ṣí, á sì máa já lọ́wọ́. Tí ti àdàlù yín bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má fi mọ ófùn. Ẹ fi kún amọ̀ sísun, tàbí kẹ́ ẹ wò ó bóyá amọ̀ yẹn jinná.

Ìgbésẹ̀ 7: iná àkọ́kọ́ nínú ófùn tuntun

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn bíbomirin. Lọ́jọ́ kìíní, iná kékeré, tí omi tẹ́ ẹ bá wọ́n sára ògiri inú ò ní dún ṣàà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ wá máa fi igi kún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá rí omi tó ń làágùn jáde níta, ẹ má fi igi kún un títí tó fi máa gbẹ. Oníbéékérì tó ń kánjú kó lè tètè ta búrẹ́dì ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Tí iná bá ti jó ilé ńkọ́?

Ẹ má rẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí láìmù ṣe ohun tó máa ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ fi hámà kékeré kan gbogbo ara ògiri díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá dún gbáú-gbáú ti ṣófo, ẹ bó o kúrò. Ẹ wo àwọ̀: ibi tó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ti rí bíi 300 sí 600°C, ibi tó bá ti padà di funfun tàbí eérú tó sì ń bu lọ́wọ́ ti kọjá ìyẹn, ṣùgbọ́n yanrìn tí ò ní irin nínú ò ní pọ́n, ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tó pọ̀ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti Station Road, sìmẹ́ǹtì ìta ẹ̀ ló sábà máa ń jábọ́ tí amọ̀ inú á ṣì dúró, nítorí náà ẹ má kánjú wó o.

Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí rọ́ọ̀dù níta, tàbí tí dẹ́kìn ti tẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Irin tó bá ti gbóná dé bíi 550 sí 600°C máa ń pàdánù bí ìdajì agbára ẹ̀ nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́, ojú lásán ò sì lè sọ iye tó padà sára ẹ̀ lẹ́yìn tó tutù. Ẹ fi igi gbé dẹ́kìn yẹn ró, ẹ pe ẹnjiníà, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn síbẹ̀ kó tó wò ó. Ti ògiri lásán lẹ lè ṣe fúnra yín: ẹ fọ eruku ẹ̀ kúrò, ẹ rin ín, ẹ kan wáyà nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ẹ wá fi àdàlù tó yege lábẹ́ àpò yẹn rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì.